Bọ́ọ̀lù Kan, Ẹni Méjì: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Gọ́ọ̀fù Tí Ẹgbẹ́ Ń Bá Ẹgbẹ́ Gbá

   

Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní. Ẹ má ṣe sọ pé, “Kí ni ti eré nínú ẹ̀kọ́ àgbà?” Ẹ ní sùúrù. Eré ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọ̀rẹ́ méjì ká nínú kíláàsì wa.

Kádì ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà. Kádì ni ẹni tí ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù. Pápá gọ́ọ̀fù wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ìkòyí, ó wà ní Ìkẹjà, àwọn kádì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Àwọn méjì tí à ń wí yìí kì í ya ara wọn. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n fún àwọn kádì láyè kí wọ́n gbá gọ́ọ̀fù láàárín ara wọn. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí bọ́ sí ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n sì jọ gbá a. Ihò tí ó kẹ́yìn ni wọ́n ti pàdánù. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan ń jókòó síwájú, èkejì ń jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí ó ṣe, èyí tí ó wà lẹ́yìn kò wá mọ́.

A pe èyí tí ó kù. A ní, “Kí ló dé?” Ó ní, “Tíṣà, òun ló gbá bọ́ọ̀lù wa sómi.” A ní, “Bọ́ọ̀lù wa kẹ̀? Ẹ̀yin méjì, bọ́ọ̀lù kan?” Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹ ò mọ gọ́ọ̀fù.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ṣe tíṣà, a tún ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n a kò mọ gọ́ọ̀fù. A fún un ní ṣọ́ọ̀kì. A ní kí ó lọ sí ìdí pátákó, kí ó kọ́ wa. Ohun tí ó kọ́ wa ní ọjọ́ náà, àti èyí tí àwa fúnra wa ti kà kún un, ni a ó sọ fún yín.

Bí a ti ń ka eré náà

Orí pápá gbọọrọ ni a ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré, ó sì le. Ọ̀pá ni a fi ń gbá a. Ihò kéékèèké 18 ni ó wà ní pápá náà, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. A ó gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi wọ ihò kìíní, a ó kọjá sí ihò kejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí a ó fi dé ihò kejìdínlógún. Nínú eré yìí, iye tí ó kéré ni ó dára. Ẹni tí ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó wọlé sàn ju ẹni tí ó gbá a lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ ẹni tí ó borí. Ọ̀nà kan ni pé kí a ro gbogbo gbígbá pọ̀ láti ihò kìíní dé ìkẹyìn. Ọ̀nà kejì ni pé kí a ka ihò. Ní ihò kọ̀ọ̀kan a ó bèèrè pé, “Ta ni ó borí níhìn-ín?” Ẹni tí ó borí gba ihò náà. Bí iye wọn bá dọ́gba, kò sí ẹni tí ó gbà á. Kíka ihò yìí ni wọ́n sábà ń lò nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń bá ẹgbẹ́ gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wá. Ní ihò kìíní, Òjó gbá a ní 4, Àjàó gbá a ní 9. Ní ihò kejì, Òjó gbá a ní 5, Àjàó gbá a ní 4. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, 9 ni ti Òjó, 13 ni ti Àjàó. Àjàó ti wà lẹ́yìn gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ihò, Òjó gba ọ̀kan, Àjàó gba ọ̀kan. Ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ rí i pé kíka ihò a máa ṣàánú ènìyàn. Ibi tí o ti ṣubú, o ti ṣubú níbẹ̀. Ihò tuntun wà níwájú.

Ẹ lè rí i lára pátákó pé wọ́n kọ ọ́ báyìí: 3 & 2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó borí ti fi ihò mẹ́ta ṣíwájú, ihò méjì péré ni ó sì kù. Bí ẹnìkejì tilẹ̀ gba méjèèjì, kò lè bá a mọ́. Nítorí náà, eré parí níbẹ̀.

Olówó irúgbìn kan

Ní ìlú St Albans, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel Ryder. Irúgbìn ni ó ń tà. Ó ń di irúgbìn sínú àpò ìwé kéékèèké, ó sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pẹ́ní kan, kí tálákà lè rí i rà, kí ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Pẹ́ní kan, pẹ́ní kan yìí ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin yìí ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gọ́ọ̀fù. Ó gba olùkọ́, ó sì tẹra mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àgbà ti dé sí yín jù láti kọ́ nǹkan, ẹ rántí Ryder.

Òun ni ó fi ife wúrà kan lélẹ̀ fún àwọn tí gọ́ọ̀fù jẹ́ iṣẹ́ wọn ní Bìrìtéènì àti ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n máa fi ẹgbẹ́ gbá a. Ife náà ni wọ́n ń pè ní Ryder Cup. Wọ́n kọ́kọ́ du ife náà ní ọdún 1927 ní ìlú Worcester ní Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà borí ní 9½ sí 2½. Láti ọdún 1979, àwọn ará Yúróòpù yòókù dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Bìrìtéènì, ó di Yúróòpù sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n sábà ń gbá a. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn, Solheim Cup, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990.

Ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbá a. Ẹ fi ọkàn bá wa lọ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ìjà àwọn ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

*Ọ̀nà kìíní: ẹni méjì, bọ́ọ̀lù kan.* Òyìnbó ń pè é ní foursomes, nítorí pé ẹni mẹ́rin ni ó wà nínú eré náà: méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ẹni méjì jọ ní bọ́ọ̀lù kan. Èkíní gbá a, èkejì á gbá a láti ibi tí ó bọ́ sí, èkíní á tún gbá a, títí yóò fi wọ ihò. Ọ̀kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ihò 1, 3, 5, 7. Ẹnìkejì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ihò 2, 4, 6, 8. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ó máa ṣe é lọ.

Ọ̀nà yìí ni ó le jù. Bí ẹnìkejì rẹ bá gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó, ìwọ ni yóò wọ igbó lọ gbá a jáde. O kò lè sọ pé, “Èmi kọ́ ni mo gbá a síbẹ̀.” Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì fi igi kan ṣoṣo gbé ẹrù. Bí ẹni iwájú bá kọsẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn àgbà nínú eré yìí a máa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹnìkejì rẹ ti mọ̀ pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí o bá ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá, ẹsẹ̀ rẹ á máa lọ síwájú, ọkàn rẹ á sì wà lẹ́yìn.

*Ọ̀nà kejì: ẹni méjì, bọ́ọ̀lù méjì.* Fourball ni orúkọ èyí. Ọdún 1963 ni wọ́n mú un wọ inú ìdíje Ryder. Ẹni mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí ihò kan, iye tí ó kéré jù nínú ti ẹni méjì ni wọ́n ń mú. Èyí tí ó pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Òjó gbá a ní 6, Àkànní tí wọ́n jọ wà gbá a ní 4. Àwọn alátakò wọn gbá a ní 5 àti 5. Ta ni ó gba ihò náà? Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí 10 níhìn-ín, ẹ ó sì rí 10 lọ́hùn-ún, ẹ ó ní ọgbọọgba ni. Àṣìṣe ni! A kì í ro wọ́n pọ̀. A ó mú 4, a ó mú 5. Òjó àti Àkànní ni ó gba ihò náà.

Nínú ọ̀nà yìí, ẹnìkejì rẹ lè bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀. Ó dà bí ilé tí ọkọ ń dáko tí aya ń ṣòwò. Bí iṣu kò bá ta lọ́dún yìí, ọjà á bọ́ ilé. Bí ọ̀kan bá sì ti fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí ibi tí kò léwu, èkejì lè fi ìgboyà dán èyí tí ó le wò.

*Ọ̀nà kẹta: ẹnìkan sí ẹnìkan.* Èyí dà bí ìjàkadì. Kò sí ẹni tí yóò bò ọ́, kò sí ẹni tí o lè dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àmì tí o bá gbà kì í ṣe tìrẹ nìkan, inú àpò ẹgbẹ́ ni ó ń lọ. Bí àjọ ni ó rí: ọwọ́ kálukú ni owó ti ń jáde, àpò kan náà ni ó ń bọ́ sí.

Bí wọ́n ti ń ro àmì pọ̀

Ẹni 12 ni ó wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbá a. Ní ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń gbá eré mẹ́rin ti bọ́ọ̀lù kan, wọ́n sì ń gbá eré mẹ́rin ti bọ́ọ̀lù méjì. 4 pẹ̀lú 4 jẹ́ 8. Ní ọjọ́ méjì, ó di 16. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn 12 á jáde, ẹnìkan sí ẹnìkan. 16 pẹ̀lú 12 jẹ́ 28. Àmì kan ni eré kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹni mẹ́jọ péré ni ẹgbẹ́ kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni mẹ́rin á jókòó. Olórí ẹgbẹ́ ni yóò yan àwọn tí yóò gbá a àti àwọn tí yóò jókòó. Ẹni tí ó jókòó kò gbọ́dọ̀ bínú; ẹgbẹ́ ni ó ń jókòó fún.

Bí eré kan bá parí ní ọgbọọgba, wọ́n á pín àmì kan sí méjì. Báyìí ni a ń kọ ọ́: ½. Ẹ má kà á ní méjìlá o! Ìlà tí ó wà láàárín 1 àti 2 ni ó sọ ọ́ di ìdajì. Bí ẹ bá rí 14½, ẹ kà á ní mẹ́rìnlá àti ààbọ̀.

Ìdajì yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní 14½ ti borí. Bí ó bá parí ní 14 sí 14, ẹgbẹ́ tí ife ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò tún gbé e lọ.

Wọ́n tún ronú kan aláìsàn. Kí eré ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú àpòòwé. Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì kò bá lè gbá a nítorí àìsàn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àpòòwé á jókòó, wọ́n á sì pín àmì náà sí méjì. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ní Bethpage, ní New York. Ọrùn ń dun Viktor Hovland ti Yúróòpù. Harris English ti Amẹ́ríkà, tí ara rẹ̀ le koko, jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Olúkúlùkù gba ½. Yúróòpù borí ní 15 sí 13.

Ẹni tí ó ṣi àkókò kà

Ní ọdún 2012, ní Medinah, lẹ́bàá ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ní 10, Yúróòpù ní 6, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣú. Ife wà lọ́wọ́ Yúróòpù, nítorí náà 14 á tó wọn. Mélòó ni ó kù? 14 yọ 6, ó ku 8. Wọ́n ní láti rí 8 nínú 12 ti ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán fún wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, Rory McIlroy, ọ̀kan nínú àwọn akọni Yúróòpù, wà ní hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti rí àkókò tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ àkókò náà, bẹ́ẹ̀ aago Chicago fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwọn. Ó kà á ní 12:25, nígbà tí ó jẹ́ pé 11:25 ni, ní aago Chicago. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó sáré gbé e dé pápá, nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Síbẹ̀ ó borí nínú eré tirẹ̀. Martin Kaymer ti Jámánì ni ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó mú wọn dé 14. Yúróòpù borí ní 14½ sí 13½.

Ẹ rí i? Ọkùnrin náà mọ̀wé. Nọ́ńbà náà ni ó rí, kò wo irú aago tí wọ́n fi kọ ọ́. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 12 ni ì bá jẹ ìyà ohun tí ẹnìkan ṣì kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé oògùn, ìwé ọkọ̀ àti ìwé owó, ẹ ka gbogbo rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí a fi ta lọ́rẹ

Ní ọdún 1969, ní Royal Birkdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì 32 ni wọ́n ń du nígbà náà. Ó di eré tí ó kẹ́yìn, ọgbọọgba ni wọ́n: 15½ sí 15½. Jack Nicklaus ti Amẹ́ríkà àti Tony Jacklin ti Bìrìtéènì ni wọ́n ń gbá a, àwọn náà sì dọ́gba dé ihò kejìdínlógún. Nicklaus gbá tirẹ̀ wọlé. Ó ku Jacklin. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò jìnnà sí ihò, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń wò ó, ọwọ́ lè gbọ̀n.

Òfin kíka ihò gbà kí o sọ fún alátakò rẹ pé, “Mú un, a ti kà á fún ọ.” Ohun tí Nicklaus ṣe nìyẹn. Kò jẹ́ kí Jacklin gbá a. Ó parí ní 16 sí 16, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà yóò parí ní ọgbọọgba. Ife wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ó sì dúró sí ọwọ́ wọn.

Inú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Nicklaus kò dùn, títí kan Sam Snead tí ó jẹ́ olórí wọn. Wọ́n wá láti borí ni. A kò lè sọ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí ohun tí Nicklaus fi ta lọ́rẹ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: títí di òní, ìwà Nicklaus ni àwọn ènìyàn ń ròyìn ju ẹni tí ó gba ife lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa méjì

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa parí ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ wa, a ní kí ó kọ eré tiwọn sí ojú pátákó, ihò kan tẹ̀ lé ihò kan. Ní òwúrọ̀, bọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n gbá. Ó kọ iye tirẹ̀, ó kọ iye ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ihò, iye ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń bò ó.

Ó dé ti ìrọ̀lẹ́, ti bọ́ọ̀lù kan. Ó dé ihò tí ó kẹ́yìn. A ní, “Kí ọ̀rẹ́ rẹ tó gbá a sómi, ta ni ó gbá a ṣíwájú?” Ó dákẹ́. Ó ní, “Èmi ni.” A ní, “Ibo ni o gbá a sí?” Ó ní, “Ìdí igi, létí omi.” Ó wo ohun tí ó kọ fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ tí ó ti ń fi ẹnu sọ ìtàn yìí kiri, kò sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó rí i. Ìbínú a máa gbàgbé, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í gbàgbé.

Ní alẹ́ náà ó gba bébà kan lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó kọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò gùn. Ó ní: “Bọ́ọ̀lù wa ni. Máa bọ̀ ní kíláàsì.” Nígbà tí a tún pàdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ka lẹ́tà náà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Ó lọ jókòó sí orí bẹ́ǹṣì wọn àtijọ́.

Nítorí náà, ní ilé, ní ọjà, ní ẹgbẹ́ àjọ, kí ẹ tó bínú sí ẹnìkejì yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ara yín pé: èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta ni a wà yìí? Ṣé ó ń bò mí ni? Ṣé èmi nìkan ni? Tàbí bọ́ọ̀lù wa ni? Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù wa, ibi yòówù kí ó bọ́ sí, ẹ lọ gbá a láti ibẹ̀.

 

Ìbéèrè

1. Ihò mélòó ni ó wà ní pápá gọ́ọ̀fù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀?
2. Kí ni ìtumọ̀ 3 & 2?
3. Nínú eré bọ́ọ̀lù méjì, Àìná gbá a ní 7, Bọ́lá gbá a ní 4. Àwọn alátakò wọn gbá a ní 5 àti 4. Ta ni ó gba ihò náà?
4. Ẹgbẹ́ kan ní 11½. Mélòó ni ó kù kí ó tó pé 14½?
5. Ẹ bá ara yín jiyàn lé e: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Nicklaus fi ohun tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ta alátakò lọ́rẹ?
6. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹnìkan tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń bínú síra yín.